Kámẹ́rà ilé yín, Wi-Fi ilé yín: bí ẹ ṣe máa wo fídíò ẹ̀ tààrà láìná dátà

Alẹ́ Sátidé kan báyìí, bíi aago mọ́kànlá, ajá àdúgbò ń gbó ṣáá, mo ní kí n yọjú wo ẹnu géètì lórí fóònù. Mo ṣí áàpù kámẹ́rà, ó ń yí, ó ń yí, ó wá ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ráútà mi ti tán láti ìrọ̀lẹ́, mi ò mọ̀. Ẹ wò ó, kámẹ́rà yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síbi tí mo jókòó sí o, Wi-Fi kan náà lèmi àtiẹ̀ jọ wà, síbẹ̀ mi ò rí nǹkan kan torí áàpù yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn) lókè òkun kó tó padà wá sílé mi. Ọ̀rọ̀ Sókótó àti àpò ṣòkòtò gan-an nìyẹn. Ewúrẹ́ ni ajá ń gbó mọ́ ṣá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já.

Ọjọ́ kejì ni mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo rí i pé ó ṣeé ṣe, inú mi dùn, inú tún bí mi, torí ọ̀nà yẹn ti wà lára kámẹ́rà látọjọ́ tí mo ti rà á, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún mi ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ń lo Wi-Fi tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sáfà kékeré kan wà tó ń dúró de ẹni tó máa bèèrè fídíò. Èdè tó ń gbọ́ là ń pè ní RTSP. Láti 1998 ni wọ́n ti gbé èdè yìí jáde, pọ́ọ̀tù 554 (pọ́ọ̀tù ni ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ ẹ̀rọ) ló sì máa ń gbà àfi tí ẹnì kan bá yí i padà. Ohunkóhun tó bá gbọ́ RTSP, bíi VLC tí gbogbo wa fi ń wo fíìmù, lè bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, ráútà yín á kàn gba fídíò lọ́wọ́ kámẹ́rà, á gbé e lé fóònù lọ́wọ́, kò ní jáde nílé rárá. Ẹ tún lè rí ONVIF lára páálí kámẹ́rà. Axis, Bosch àti Sony ló dá ìyẹn sílẹ̀ ní 2008 kí kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ yìí lè máa bá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tọ̀hún ṣiṣẹ́, tí ẹ bá ti rí i níbẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀ pé RTSP máa wà nínú ẹ̀.

Kí ló wá fà á tí mo fi ń pariwo? Owó ni jàre. Kámẹ́rà tó ń ju fídíò 2 Mbps (mẹ́gábíìtì méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sílẹ̀, 900 MB ló máa jẹ ní wákàtí kan. Ẹ fi áàpù wò ó fún wákàtí kan lójoojúmọ́ láti ibi iṣẹ́, 27 GB ti lọ lóṣù ní ráútà ilé nìkan, ẹ ò tíì ka ti fóònù tí ẹ fi ń wò ó. Nínú ilé, òdo ni. Kódà kí síìmù inú ráútà má ní dátà tàbí owó kankan lórí, tí iná bá ṣáà ti wà lára ẹ̀, Wi-Fi ẹ̀ á ṣì máa so kámẹ́rà àti fóònù pọ̀. Áàpù mìíràn gbọ́n tó láti wá kámẹ́rà nínú ilé kó tó jáde lọ síta o, tèmi ò gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣé kámẹ́rà yín á tiẹ̀ gbà?

Hikvision, Dahua, Imou, Reolink oní-wáyà, Tapo tí ẹ ń ki ṣájà ẹ̀ bọ ògiri, àwọn wọ̀nyí sábà máa ń gbà. Àwọn tó ń lo bátìrì àti sólà, ọ̀pọ̀ wọn ò ní gbà, torí oorun ni wọ́n ń sùn kí bátìrì má baà tán, ìgbà tí nǹkan bá rìn kọjá níwájú wọn ni wọ́n ń jí, ẹni tó ń sùn ò sì lè dá yín lóhùn. Ring àti Blink ò ní RTSP tiwọn, ẹ má wulẹ̀ fìyà jẹ ara yín. Ní ti àwọn oní-gílóòbù olówó pọ́ọ́kú tó kún Alábà àti Computer Village, àwọn kan á gbà, àwọn kan ò ní gbà, méjì lè jọra bí ìbejì lóde kí inú wọn má dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé bọ̀ọ̀dá, ṣé eléyìí ní RTSP, tó bá ní “ó ní gbogbo ẹ̀”, ẹ ní kó fi hàn yín lára páálí kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Ìkíní: ẹ ṣílẹ̀kùn lára kámẹ́rà fúnra ẹ̀

Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ áàpù kọ́ ni kámẹ́rà máa bèèrè níbí o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Lórí Tapo, ẹ ṣí kámẹ́rà nínú áàpù, ẹ lọ sí “Advanced Settings”, lẹ́yìn náà “Camera Account”, kẹ́ ẹ dá orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tuntun síbẹ̀. Àwọn áàpù Tapo tuntun lè sọ pé àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tan “Third-Party Compatibility”, ẹ tàn án. Lórí Reolink, ẹ wo inú “Network”, lẹ́yìn náà “Advanced”, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń tan RTSP. Lórí Imou, orúkọ ni admin, páásíwọ́ọ̀dù sì ni “Safety Code” tó wà lára sítíkà abẹ́ kámẹ́rà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò sítíkà yẹn kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà kọ́ o, mo ti gun àkàbà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀.

Hikvision àti Dahua, ọ̀nà RTSP wọn sábà máa ń wà ní ṣíṣí, páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ tí wọ́n wá kọ́ kámẹ́rà náà ni ẹ máa lò. Ẹjọ́ wá dé. Nínú ilé mẹ́wàá tí mo bá ti sọ̀rọ̀ yìí, bóyá ni onílé méjì mọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn, ọwọ́ ẹni tó wá ṣiṣẹ́ ló wà, wọ́n sì ti pàdánù nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sanwó kámẹ́rà, ẹlòmíì ló ní kọ́kọ́rọ́! Ẹ pè é, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wá yí i padà tó bá ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá orúkọ mìíràn tó jẹ́ pé wíwò nìkan ló lè wò, kò lè yí nǹkan kan padà, òun lẹ máa fi sínú VLC ọmọ àti ìyàwó. Admin tiyín ni.

Ẹ má fi @, #, : tàbí / sínú páásíwọ́ọ̀dù yìí. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀.

Ìkejì: ẹ wá nọ́ńbà ilé kámẹ́rà

Gbogbo nǹkan tó wà lórí Wi-Fi yín ló ní nọ́ńbà tí ráútà fún un, ó sábà máa ń dà bíi 192.168.1.64 tàbí 192.168.8.103. Ẹ lè rí ti kámẹ́rà nínú áàpù ẹ̀, níbi tí wọ́n kọ “Device Info” tàbí “Network” sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tẹ nọ́ńbà ráútà sínú bíráwúsà kẹ́ ẹ lè wọ ojú ewé ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà Huawei tó ń lo síìmù, 192.168.8.1 ni, àwọn mìíràn 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, ó sábà máa ń wà lára sítíkà ìdí ẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn níbẹ̀. Áàpù Fing náà á tú gbogbo ẹ̀ síta láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì máa sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìkọ̀ọ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà yẹn, ẹ má tíì kúrò lójú ewé ráútà. Ẹ wá “DHCP reservation”, àwọn kan ń pè é ní “Static IP” tàbí “Address binding”, kẹ́ ẹ sọ fún ráútà pé kámẹ́rà yìí, nọ́ńbà yìí ni tiẹ̀ títí láé. Tí ẹ ò bá ṣe é, NEPA á mú iná lọ, á dá a padà, ráútà á bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà lákọ̀tun fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, àdírẹ́sì tó ṣiṣẹ́ lánàá á wá di ti tẹlifíṣọ̀n lónìí. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣépè fún VLC lórí ọ̀rọ̀ yìí, VLC ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìkẹta: ẹ kọ àdírẹ́sì náà

Bó ṣe máa ń rí nìyí, rtsp, orúkọ, páásíwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà, pọ́ọ̀tù, kó tó wá kan ojú ọ̀nà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní orúkọ tí ẹ dá ni ile, páásíwọ́ọ̀dù ni Agbalumo77, kámẹ́rà sì wà ní 192.168.1.64.

Tapo:
rtsp://ile:Agbalumo77@192.168.1.64:554/stream1

Hikvision:
rtsp://ile:Agbalumo77@192.168.1.64:554/Streaming/Channels/101

Dahua, bákan náà sì ni Imou, àmọ́ admin àti Safety Code lẹ máa fi sí ti Imou:
rtsp://ile:Agbalumo77@192.168.1.64:554/cam/realmonitor?channel=1&subtype=0

Reolink:
rtsp://ile:Agbalumo77@192.168.1.64:554/h264Preview_01_main

Fídíò ńlá tó mọ́ kedere nìwọ̀nyí. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan tún ní fídíò kékeré tó fúyẹ́: Tapo á di stream2, Hikvision á di 102, Dahua á di subtype=1, ti Reolink á parí sí _sub dípò _main. Ẹ má fojú di kékeré yẹn o. Lórí fóònù, ojú lè má mọ ìyàtọ̀ wọn, ráútà yín á sì mí dáadáa.

Tó bá jẹ́ àpótí DVR tàbí NVR (àpótí tó ń gba fídíò gbogbo kámẹ́rà sílẹ̀) ni gbogbo kámẹ́rà yín so mọ́, nọ́ńbà àpótí lẹ máa lò, kì í ṣe ti kámẹ́rà. Kámẹ́rà kejì lórí àpótí Hikvision á jẹ́ 201, fídíò kékeré ẹ̀ 202, ìkẹta 301, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ti Dahua, channel=2, channel=3. Àwọn kámẹ́rà tí wáyà wọn wọ ẹ̀yìn NVR tààrà, àpótí yẹn ló ń fún wọn ní nọ́ńbà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiẹ̀, ẹ lè fi Fing wá wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní rí wọn lórí Wi-Fi.

Ìkẹrin: VLC

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí VLC, ẹ tẹ Ctrl àti N pọ̀, ẹ lẹ àdírẹ́sì yẹn síbẹ̀, ẹ tẹ “Play”. Lórí Android, ẹ lọ sí “More”, lẹ́yìn náà “New stream”. Lórí iPhone, “Network” lẹ máa tẹ̀, lẹ́yìn náà “Open Network Stream”, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá bi yín bóyá kí VLC máa rí àwọn ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ bá ti ní rárá tẹ́lẹ̀, ẹ wọ “Settings”, “Privacy & Security”, “Local Network”, ẹ tan ti VLC níbẹ̀.

Tí fídíò bá yọ, ẹ kú oríire. Ẹ ó rí i pé ó ń fi bíi ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì rìn lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ti wọlé tán ẹ ṣì ń wò ó lẹ́nu géètì. VLC ló ń kó fídíò pa mọ́ kó má baà máa já. Lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ ti lẹ àdírẹ́sì, ẹ tẹ “Show more options”, ẹ ó rí 1000 ms níwájú “Caching”, ẹ sọ ọ́ di 300. Ẹ má sọ ọ́ di òdo, á kàn máa ta gìrì gìrì ni.

Tó bá kọ̀ ńkọ́?

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Èyí tó ń ṣe èèyàn jù nílùú wa, kò tiẹ̀ kan kámẹ́rà. Tí dátà bá ti tán lórí ráútà, fóònù Android á wo Wi-Fi yẹn, á ní “kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbí o”, á wá rọra bọ́ sórí dátà síìmù ara ẹ̀ láìsọ fún yín, àmì Wi-Fi á ṣì wà lókè, ẹ ó rò pé inú ilé lẹ wà, kò sí mọ́, ó ti jáde. VLC á máa wá 192.168.1.64 kiri lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN, níbo ló fẹ́ rí i? Ẹ pa dátà síìmù, tí fóònù bá béèrè bóyá kó dúró lórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó dúró. Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ lálẹ́ Sátidé yẹn nìyẹn.

Tó bá ń bèèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù léraléra, páásíwọ́ọ̀dù ló lòdì, tàbí kó ní @ nínú. VLC máa ń rò pé @ ni ibi tí páásíwọ́ọ̀dù parí sí. Ẹ fi %40 rọ́pò @, %23 rọ́pò #, %3A rọ́pò :, %2F rọ́pò /. Ẹ má dánwò léraléra pẹ̀lú èyí tí kò dá yín lójú, àwọn kámẹ́rà kan á tìlẹ̀kùn mọ́ yín fún ìgbà díẹ̀.

Tó bá ní òun ò lè ṣí i rárá, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀kùn tiẹ̀ wà ní ṣíṣí. Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ:

Test-NetConnection 192.168.1.64 -Port 554

Tí “TcpTestSucceeded” bá jẹ́ True, ilẹ̀kùn ṣí, ojú ọ̀nà tí ẹ kọ ló ń ṣe é, ẹ wo lẹ́tà ńlá àti kékeré dáadáa torí Streaming àti streaming lè má jọra. Tó bá jẹ́ False, yálà RTSP ò tíì tàn, tàbí ráútà ò gbà kí àwọn tó wà lórí ẹ̀ rí ara wọn. MiFi kéékèèké fẹ́ràn ìwà yìí, “AP isolation” ló ń jẹ́, ẹ wá a, ẹ pa á. Wi-Fi tó wà fún àlejò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí kámẹ́rà bá wà lórí ti àlejò tí fóònù wà lórí ti ilé, wọn ò ní ríra.

Tí ojú fídíò bá dúdú àmọ́ tí ẹ ń gbóhùn, tàbí kó máa fà bí ìgbín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ H.265 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré) tó wúwo fún fóònù àtijọ́. Ẹ lọ sínú kámẹ́rà, ẹ yí i sí H.264, tàbí kẹ́ ẹ lo fídíò kékeré. Tí àwòrán bá ń fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń yọ àwọ̀ eérú, Wi-Fi ló ń sọ nǹkan nù lójú ọ̀nà: nínú VLC lórí kọ̀ǹpútà, “Tools”, “Preferences”, “Input / Codecs”, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ẹ yan “RTP over RTSP (TCP)”. Mo kúkú máa ń yàn án fún gbogbo ènìyàn látìbẹ̀rẹ̀.

Àti pé kámẹ́rà ò lè dá gbogbo ilé lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èèyàn mélòó kan bá ti ń wò ó lórí fóònù wọn, ó lè ní òun ò gba ẹlòmíì mọ́.

Ẹ fẹ́ máa rìkọ́ọ̀dù?

Lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó. Ẹ fi ffmpeg, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń gba fídíò sílẹ̀, sí i, kẹ́ ẹ tẹ èyí sórí ìlà kan ṣoṣo:

ffmpeg -rtsp_transport tcp -i "rtsp://ile:Agbalumo77@192.168.1.64:554/stream1" -c copy -f segment -segment_time 900 -reset_timestamps 1 -strftime 1 geeti-%Y%m%d-%H%M.mkv

Á máa gé fídíò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì máa fi ọjọ́ àti aago sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí “copy” yẹn, kò ní tún fídíò ṣe, ńṣe ló kàn ń dà á síbẹ̀ bó ṣe dé, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára náà á lè ṣe é. Ìdí tí mo fi ní mkv dípò mp4: tí iná bá lọ lójijì, mp4 tí wọn ò tíì pa dé sábà máa ń bàjẹ́ pátápátá, mkv á ṣì ṣeé wò dé ibi tí iná ti lọ, nílùú tá a wà yìí ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì .bat lórí Windows, ẹ sọ % kọ̀ọ̀kan di %% o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orúkọ ẹ̀ á dàrú. 2 Mbps lójúmọ́ jẹ́ bíi 21.6 GB, nítorí náà dírááfù 500 GB á gba bíi ọjọ́ mẹ́tàlélógún, kẹ́ ẹ máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́, kó lọ wo Frigate, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ púpọ̀ wà nídìí ẹ̀.

Láti ìta ńkọ́, ọmọ tó wà ní London tó fẹ́ wo ẹnu géètì màmá n'Íbàdàn?

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 554 lórí ráútà sí gbogbo ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ní 2016, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń rìn kiri íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kan ilẹ̀kùn kámẹ́rà àti ráútà, ó ń dán páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe wọ́n wá láti ilé-iṣẹ́ wò. Ó kó ogunlọ́gọ̀ wọn jọ, ní 21 October ọdún yẹn wọ́n fi kọlu ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Dyn, Twitter àti Netflix ò ṣeé wọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kámẹ́rà àwọn èèyàn bíi tiwa ni wọ́n fi ṣe é. Fídíò RTSP lásán ò sì lo ìbòjú kankan, ìhòòhò ló ń rìn. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ ráútà oní-síìmù ò tiẹ̀ lè gba àlejò láti ìta, torí ẹ̀yìn nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sí.

Ohun tí mo ń lò ni Tailscale, áàpù kan tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sórí lápútọ́ọ̀pù tó wà nílé, ẹ sọ ọ́ di “subnet router” (ẹnu ọ̀nà sí gbogbo ohun tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé), ẹ fi sórí fóònù ọmọ yẹn náà, fóònù ẹ̀ á máa ṣe bí ẹni pé inú ilé ló wà, àdírẹ́sì kan náà yẹn á ṣiṣẹ́ fún un. Dátà á lọ níbí o, torí ó ti jáde nílé, nítorí náà stream2 ni kẹ́ ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó pa á tó bá wò ó tán, kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kó sùn lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ráútà gbọ́dọ̀ wà láyé. Mini UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà lè gbé ráútà àti kámẹ́rà kan fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ ẹ ka ohun tó wà lára ṣájà méjèèjì kẹ́ ẹ tó ra èyí tẹ́ ẹ máa rà, ọ̀pọ̀ ráútà 12V ni, Tapo kéékèèké kan 9V ni, àwọn mìíràn 5V, ẹ má ki 12V bọ inú 9V torí pé ẹnu ẹ̀ wọ ibẹ̀.